Kò Sí Àyè fún Ẹni Tó Dáwọ́ Dúró

Fọ́ọ̀mù kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí wọ́n pè ṣe adájọ́ níbi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe ní Adó-Èkìtì fún àwọn tó fẹ́ dá startup (ilé-iṣẹ́ tuntun tó dá lórí èrò òwò tuntun) sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò le. Àwọn mélòó ló parí? Ilé-iṣẹ́ mélòó ló ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC? Àwọn ọ̀dọ́ mélòó ló ti ríṣẹ́ nípasẹ̀ wọn? Mò ń dáhùn lọ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ ipò tí olùkópa kọ̀ọ̀kan wà. Ohun mẹ́ta péré ni èèyàn lè mú níbẹ̀: ó ti bẹ̀rẹ̀ òwò, ó ń múra láti bẹ̀rẹ̀, kò parí ẹ̀kọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tí mi ò rí ibi tí màá kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó parí ẹ̀kọ́, kò pa kíláàsì kankan jẹ. Síbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ òwò, kò sì múra láti bẹ̀rẹ̀. Ó jáde lọ wádìí, ó rí i pé ohun tóun fẹ́ dáwọ́ lé kò lè dúró, ó sì fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo wọn, òun ni ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ létí jù. Fọ́ọ̀mù yìí ní kí n kà á mọ́ àwọn tó sá lọ.

Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, mo fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ padà. Ẹ̀rọ ayélujára kọ̀ ọ́, ó ní àfi kí n mú ọ̀kan.

Iṣu, oníbúkà àti alágbàtà

Áàpù iṣu ni ọmọ náà fẹ́ ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní startup ní Èkìtì kí n má bá áàpù iṣu níbẹ̀, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu nílẹ̀ tí ìró ọmọ odó ti ń jí àlejò lójú oorun. Èrò rẹ̀ ni pé kí àgbẹ̀ tó wà lápá Ìkọ̀lé àti Òmùò máa ta iṣu tààrà fún àwọn oníbúkà àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Adó, kí alágbàtà má baà máa jẹ èrè wọn mọ́. Ó yà á sórí slide: àgbẹ̀ lápá òsì, oníbúkà lápá ọ̀tún, alágbàtà láàárín pẹ̀lú àpò owó ńlá lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn àwòrán yẹn gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ wọn nípa oníbàárà, iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni pé kí kálukú lọ bá àwọn tó rò pé yóò ra ọjà òun sọ̀rọ̀. Ìlànà tí wọ́n fún wọn dára: má polówó èrò rẹ, má sì bi wọ́n bóyá wọ́n á rà á. Bi wọ́n nípa ìgbà tí wọ́n ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti rà á, iye tí wọ́n san àti bí wọ́n ṣe san án. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù ṣe kò ṣàjèjì. Wọ́n ṣe Google Form, wọ́n jù ú sórí WhatsApp, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni, màá lò ó". Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kó dára fún ọ kò ní wò ọ́ lójú kó ní òun ò ní ra ọjà rẹ. Ọmọbìnrin yìí ní tirẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ọjà Ọba ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn ìyá oníṣu ò dá a lóhùn. Wọ́n rò pé ìjọba ló rán an wá wo bí ọjà ṣe ń lọ, kí wọ́n lè mọ owó-orí tí wọ́n máa bù lé àwọn lórí. Ó ra iṣu, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tún padà wá, ó tún rà. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn fún un ní àga, ó ní, "Ọmọ mi, kí lò ń wá gan-an?" Ó ní òun fẹ́ mọ bí iṣu tó wà níwájú wọn yẹn ṣe dé ibẹ̀ ni. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá bi í ní ìbéèrè tirẹ̀: "Ta lo rò pé ó fún bàbá tó gbìn ín lówó èbù?"

Ibẹ̀ ni àwòrán orí slide ti dàrú. Nígbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ kọ ebè, kì í sábà sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu èṣí ti tán, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti gbé èyí tó ṣẹ́ kù lọ. Èbù wọ́n, alágbàṣe tí yóò kọ ebè kò sì ní gba ìlérí. Alágbàtà ló ń gbé owó kalẹ̀. Kò ní kí ó wá tọwọ́ bọ̀wé, kò gba dúkìá. Ó mọ bàbá náà, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Bí iṣu bá ta, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Bí àgbẹ̀ yẹn bá torí owó díẹ̀ tí áàpù kan fi lé e ta iṣu náà fún ẹlòmíràn, ta ni yóò yá a lówó èbù lọ́dún tó ń bọ̀?

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúkà náà. Wọ́n ní àwọn kì í san owó iṣu lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kó o lónìí, wọ́n á gún un, wọ́n á tà á, wọ́n á wá san án nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá kó òmíràn. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò ò jáde, alágbàtà á ní kò burú, ó di ọ̀la. Bí wọ́n bá la iṣu tí wọ́n bá a pé inú rẹ̀ ti jẹrà, wọ́n á gbé e padà, á sì pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Oníbúkà kan bi í pé, "Iṣu inú fóònù rẹ yìí, tó bá jẹrà, ta ni kí n gbé e padà fún?"

Gbogbo owó tó wà nínú àpò ńlá orí slide yẹn ló ti ní ibi tó ń lọ. Apá kan rẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n fi ń yá àgbẹ̀, apá kan jẹ́ àwìn tí oníbúkà ń jẹ, apá kan sì ń bo iṣu tó bàjẹ́. Áàpù ò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀ bí kò bá sí owó gidi lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ronú bóyá kóun sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tó ń yá àgbẹ̀ lówó. Ó ṣírò rẹ̀. Ó máa nílò owó, ó máa nílò ìwé àṣẹ, ó sì máa nílò ohun tí alágbàtà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ìyẹn ni mímọ ẹni tí yóò san án padà àti ẹni tí kò ní í san án. Kò ní ìkankan níbẹ̀, kò sì wù ú kó jẹ́ ohun tóun máa fi ayé òun ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tó lóye òwò iṣu tó o nínú kíláàsì yẹn nígbà yẹn, òye náà ló sì sọ fún un pé kó má wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tó yẹ kó wá polówó

Gbọ̀ngàn kún ní ọjọ́ àṣekágbá. Mo rí àwọn tí wọn kò wá sí kíláàsì kankan rí, ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rí àwọn kúlà ìrẹsì tí wọ́n tò sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó wá sọ ìṣòro tó fẹ́ yanjú, bí yóò ṣe yanjú rẹ̀, àti iye tó ń wá.

Nígbà tó kan ọmọbìnrin yìí, kò ní kí wọ́n gbé slide kankan sókè. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo ti fi áàpù iṣu sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọgbọ́n tó fẹ́ fi fa ojú wa mọ́ra ni. Ó sọ ti èbù, ó sọ ti àwìn, ó sọ ti iṣu tó jẹrà. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun pàtẹ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwa adájọ́, ọ̀gá kan tó ti ṣiṣẹ́ báńkì pẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé kì í ṣe pé ó ti sú ọ ni? Oníṣòwò kì í juwọ́ sílẹ̀ o."

"Rárá, sà. Kò sú mi. Bí ẹ bá ní kí n padà sọ́jà lọ́la, mo máa lọ. Áàpù yẹn ni wọn ò nílò."

Ìyá àgbà kan tó ní ilé búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n bi í pé, "Èló lo ti ná sí i, ọmọ mi?"

"Owó ọkọ̀, owó data, àti iṣu tí mo rà, mà. A sì ti gún iṣu náà jẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ lèmi tà, kí n tó mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò mi kì í ra irú búrẹ́dì tí mo fẹ́ ṣe." Wọ́n kọ nǹkan sórí ìwé wọn, wọn kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú mi kò sí lórí pèpéle. Alábòójútó ètò náà ló rọra wá bá mi lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Slide rẹ̀ tàtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kó kàn fi ṣe pitch bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fún wa lówó ń wò wá lórí Zoom." Mo bá ọmọ náà sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ, nítorí mo fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Ó ní: "Bí mo bá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣì gbà á gbọ́, irọ́ ni mò ń pa fún yín, sà. Ẹ̀yin náà á wá torí irọ́ yẹn fún mi lówó, màá sì ní láti máa bá irọ́ náà lọ."

Mi ò rò pé èèyàn burúkú ni alábòójútó yẹn. Àwọn tó ń gbé owó kalẹ̀ ló ń béèrè iye ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èsì yẹn ni wọ́n sì fi ń pinnu bóyá owó máa wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ jẹun kò ní ṣàì wá bí iye náà yóò ṣe pọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti ṣètò nǹkan débi pé ọmọ tó ṣe ohun tí a kọ́ ọ gan-an ló di ìṣòro fún wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí a ti kọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí, Y Combinator ni wọ́n ń wò ṣe, ètò kan l'Ámẹ́ríkà tó ń fún àwọn startup lówó àti ìmọ̀ràn. Ọdún 2005 ni Paul Graham, Jessica Livingston, Robert Morris àti Trevor Blackwell bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní Massachusetts l'Ámẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Owó tí wọ́n fún wọn kò pọ̀, bí 6,000 dọ́là fún olùdásílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì ò tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: wọ́n á jọ jẹun alẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan tó ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ rí á bá wọn sọ̀rọ̀, kálukú á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ àti sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ohun tó ṣe.

Ní Adó níbí, kò sí olùkọ́ tí kì í mẹ́nu kan Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ayélujára tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀. Òun ni ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ Y Combinator, lọ́dún 2016, nígbà tó sì di 2020 Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè, rà á ní owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ìtàn yẹn dùn, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ fọ́mọ. Èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kankan ni ti Steve Huffman àti Alexis Ohanian, tí wọ́n wà lára àwọn àkọ́kọ́ ọdún 2005. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni àwọn náà bá dé: kí èèyàn máa fi fóònù ra oúnjẹ láìtò sórí ìlà. Àwọn Y Combinator sọ fún wọn pé rárá. Lọ́jọ́ kejì ni Graham pè wọ́n padà, ó ní àwọn fẹ́ràn àwọn méjèèjì, èrò wọn ni àwọn ò fẹ́. Bí wọ́n bá lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n wá nǹkan mìíràn ṣe, kí wọ́n máa bọ̀. Reddit, ìkànnì ayélujára tó ti gbajúmọ̀ báyìí, ni wọ́n lọ ṣe. Ohun tó mú wọn wọlé ni pé wọ́n gbà láti fi èrò wọn sílẹ̀.

Ètò mìíràn tí mo máa ń ronú kàn ni I-Corps, tí National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti rí nǹkan kan ṣe ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n á ní kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Níparí rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n sọ ọ̀kan: ká máa bá a lọ, tàbí ká dúró níbí. Ikọ̀ tó bá ní ká dúró ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é o, owó tí wọ́n máa jábọ̀ lé lórí, síbẹ̀ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún "rárá" nínú ìjábọ̀ náà.

Ní Ítálì, olùwádìí kan, Arnaldo Camuffo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó startup 116 jọ, wọ́n pín wọn sí méjì. Ìpàdé mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ìhà méjèèjì nípa bí a ṣe ń gbọ́ èrò ọjà. Wọ́n wá kọ́ ìhà kan ní àfikún pé kí wọ́n máa ṣe bí onísáyẹ́ǹsì: kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ òótọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dán an wò bí ẹni tó ń wá ibi tóun ti ṣì í. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ pa owó ju àwọn yòókù lọ, àwọn ló sì ń yí èrò wọn padà sí òmíràn jù. Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ 759 nínú ìwádìí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024, èyí ló sì sọ ọ̀rọ̀ tèmi: ẹ̀kọ́ yẹn máa ń mú kí àwọn èèyàn fi èrò tí kò dára sílẹ̀. A jẹ́ pé bí a bá kọ́ èèyàn dáadáa, díẹ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ètò tó bá kọ́ ọgbọ̀n ọmọ tí ọgbọ̀n sì "bẹ̀rẹ̀ òwò", ìròyìn rẹ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè mú YouWiN wá, ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ló kọ̀wé wá, wọ́n mú 6,000 fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rin lórí bí a ṣe ń kọ ètò òwò, 1,200 ló gba owó, bí 50,000 dọ́là fún ẹnì kan tí a bá pín in dọ́gba. David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé tẹ̀ lé wọn fún ọdún bíi mélòó kan. Àwọn tó gba owó dá òwò sílẹ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ, òwò wọn pẹ́ láyé, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́. Owó ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí à ń ṣe ní ìpínlẹ̀ wa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Sátífíkéètì àti mílíọ̀nù náírà kan fún ẹni tó ṣe ipò kìíní ni wọ́n ní. Bí owó ò bá sí, ohun tó yẹ kí ètò náà fún ọmọ ni òótọ́ ọ̀rọ̀, kó sì fún un kíá kó tó ta ilẹ̀.

Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ bí iyì ṣe rí lára wa. Bí ọmọ ẹni bá wọ ètò startup, a ó kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, àbúrò bàbá tó wà ní Lọndọnu á fi owó ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ti di "ọ̀gá ilé-iṣẹ́". Ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí yóò padà wá sọ fún gbogbo àwọn wọ̀nyí pé kò sí ilé-iṣẹ́ mọ́. Ní Yábàá l'Ékòó, níbi tí startup pọ̀ sí, ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò bá yọrí á kó lọ sí òpópónà kejì, kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Ní Adó, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níta á béèrè áàpù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí la fẹ́ fi ètò àwọn òyìnbó ṣe, a ṣáà ní ìkọ́ṣẹ́ tiwa. Mo bọ̀wọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ kò nílò láti wádìí bóyá àwọn èèyàn ń wọ aṣọ. Ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ ni bóyá ọwọ́ òun á mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ dá startup sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n dé góńgó kí ẹnikẹ́ni má sì fẹ́ ohun tó ṣe. Ìkọ́ṣẹ́ náà ló kọ́ wa pé ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó gba òmìnira ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. A wá gbé ìtìjú kan náà wá sínú kíláàsì startup, níbi tí kò ti yẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń di ohun tó ti kú mú fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, wọ́n ń yá owó sí i lábẹ́lẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀yìn tí wọ́n lè wò, nítorí náà ìwájú nìkan ni wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fún wọn ní ẹ̀yìn yẹn, kó mú ìyá oníbúrẹ́dì wá sí kíláàsì kó wá sọ bí ilẹ̀ ṣe lọ. Àwọn tí wọ́n ń pè wá báyìí ni àwọn tó ṣàṣeyọrí, tí wọ́n á wọ kóòtù, tí wọ́n á ní ká má ṣe juwọ́ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ìṣírí bẹ́ẹ̀ débi pé mo lè kà á lórí.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ kọ́ni

Irú ètò yìí yóò pọ̀ sí i ní Èkìtì. Ekiti Knowledge Zone, àgbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń bọ̀, èyí tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fọwọ́ sí 80 mílíọ̀nù dọ́là fún. Òfin lórí startup tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù Kẹwàá ọdún 2022 náà ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn olùdásílẹ̀. A ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga: a ní EKSU, a ní Poli, a ní FUOYE ní Ọ̀yẹ́ àti ABUAD. Àwọn ọmọ tó máa jókòó sí kíláàsì kò ní wọ́n wa. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn tó ń gbé owó kalẹ̀ gbọ́ èyí: ẹ fi ipò kẹrin kún fọ́ọ̀mù yín, fún ẹni tó wádìí tó sì dáwọ́ dúró, kí ẹ sì ní kó kọ ojú ìwé méjì lórí ohun tó rí. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn mọ̀ nípa èbù àti àwìn, bó bá wà nílẹ̀ ní kíkọ, ẹni tó máa mú áàpù iṣu wá lọ́dún tó ń bọ̀ á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bóyá òun á rí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ò rí, bóyá alágbàtà gan-an ló yẹ ká ṣe áàpù fún. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ tún fi owó ọkọ̀ sí i. Mo ti rí ètò tó fi owó ńlá háyà gbọ̀ngàn, tó tẹ fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì, tí kò sì fún ọmọ kankan ní owó tí yóò fi dé Ìkọ̀lé. A ní kí wọ́n jáde lọ bá oníbàárà, a sì tì wọ́n mọ́ inú gbọ̀ngàn onífáànù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó ní òun ò kánjú. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn yìí ní èrè kan tó fi pamọ́ sẹ́yìn.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá kí àwọn wọ ètò báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bi àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní nǹkan méjì kan kí wọ́n tó kọ orúkọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀kọ́ máa gbà, ọjọ́ mélòó la máa lò níta gbọ̀ngàn, ta ni yóò sì san owó ọkọ̀? Èkejì, ṣé ẹ lè fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan tó parí ẹ̀kọ́ yín tó sì fi èrò rẹ̀ sílẹ̀? Bí wọ́n bá ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, o ti gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá fún ọ, pè é, kí o sì bi í bí wọ́n ṣe ṣe sí i lọ́jọ́ tó sọ fún wọn.